Ẹja Aláràbarà Tí Kì í Da Ilé Rú: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹja fún Àpótí Omi Òkun Yín ní Àbújá

Ẹja àkọ́kọ́ tí mo fi owó gidi rà fún àpótí omi òkun mi (aquarium) ní Kubwa, àwọ̀ àlùkò ni orí rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni ìrù rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní royal gramma ni. Mo ti kà nípa royal gramma tipẹ́tipẹ́, pé ẹja kékeré jẹ́jẹ́ ni, abẹ́ òkúta ló ń gbé, kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn débi pé n kò tún béèrè nǹkan kan. Kò pé ọjọ́ 4 tí ẹja yìí fi lé ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní firefish, tó bá nínú àpótí náà, títí ìyẹn fi fò jáde lóru. Ẹ̀yìn tábìlì ni mo ti rí i láàárọ̀, ó ti gbẹ.

Ẹja tí mo rà kì í ṣe royal gramma. Bicolor dottyback ni, oníjà paraku tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti royal gramma. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó kò ní ṣì wọ́n mú. Lára royal gramma, ńṣe ni àlùkò àti ìyeyè ń wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ṣe tóótòòtó láàárín ara rẹ̀. Àmì dúdú kan wà lórí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ilà dúdú sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Lára dottyback, ààlà ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé mú ṣáṣá bí ẹni fi rúlà fà á, kò sì sí àmì dúdú lórí lẹbẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń yan ẹja fún àpótí tí iyùn òkun (coral) wà nínú rẹ̀, alájọgbé ló ń yàn, fún ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nínú òkun, ẹja tí wọ́n bá lé á sá lọ síbòmíràn. Nínú gíláàsì tó gùn ní mítà kan, kò síbi tó fẹ́ sá sí. Nítorí náà, ìwà ni ẹ ó kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo àwọ̀. Ní Àbújá tí a wà yìí, ẹ ó tún wo ohun mẹ́ta mìíràn mọ́ ọn: ooru, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti bí òkun ṣe jìnnà sí wa tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ilé kí ẹ tó wá ayálégbé

Ẹ mú téèpù, ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga àpótí yín ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ wá fi 1,000 pín ohun tí ẹ bá rí. Iye lítà tó ń gbà nìyẹn. Tèmi gùn ní 100, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50, ìyẹn 225 lítà. Tí òkúta àti iyanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, omi tó kù kì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa iye ẹja nísàlẹ̀, irú àpótí tó tó báyìí ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 100 lítà, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ omi òkun níhìn-ín, torí omi kékeré tètè ń gbóná, ó sì tètè ń bàjẹ́ tí ẹja kan bá kú síbẹ̀.

Omi náà gbọ́dọ̀ ti gbó kí ẹja kankan tó wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé ni. Bakitéríà kan ń sọ amóníà di nitrite, májèlé lòun náà. Òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni àwọn bakitéríà yìí sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó lórí òkúta àti iyanrìn. Ẹ ra ohun ìdánwò omi. Títí amóníà àti nitrite yóò fi jẹ́ 0 pátápátá, ẹ má ra ẹja, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Iyọ̀ inú omi náà gbọ́dọ̀ wà ní 1.025 tàbí 1.026 lójú refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi. Iyọ̀ ìdáná kò ṣe é lò. Iyọ̀ òkun tí wọ́n pò fún àpótí ẹja ni kí ẹ rà, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí 38 sínú lítà omi kan. Omi tí ẹ ó pò ó mọ́ ṣe pàtàkì bákan náà. Omi ẹ̀rọ tó ń ti Lower Usuma Dam wá ní kílóríìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, èyí dára fún wa, àmọ́ ó ń pa bakitéríà àti ẹja. Omi bọ́họ́ọ̀lù ní àwọn èròjà inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewé tútù (algae) hù bo gbogbo òkúta. Omi tó ti gba inú asẹ́ RO/DI kọjá, èyí tó ń yọ gbogbo ohun tó yòrò sínú omi kúrò, ló dára jù.

Ooru ni ọ̀tá tó sún mọ́ wa jù. Ẹja àti iyùn fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 27°C. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Àbújá lè gbóná ju 33°C lọ, omi á sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní chiller ń tu omi lára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń jẹ iná. Fáànù kékeré méjì ni mo dojú wọn kọ omi. Bí omi ṣe ń gbẹ lọ ló ń gbé ooru lọ, ó ń bá mi dín in kù ní 2 sí 3°C, mo sì ń fi ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kún un nígbà tí ọ̀sán bá le. Lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, fáànù ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni òru ń tutù tí hítà fi di dandan. Ẹ ra méjèèjì. Kí ẹ sì rántí pé omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Nínú ọyẹ́, àpótí mi ń fẹ́ tó lítà 3 lójúmọ́, omi lásán tí kò níyọ̀ ni mo fi ń dí i. Ẹni tó bá fi omi iyọ̀ dí i, kò ní pẹ́ tí iyọ̀ omi náà á fi pọ̀ ju ohun tí ẹja lè fara dà lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ àwọn tó ń jẹ iyùn kúrò lórí ìwé

A mọ iyùn ní ilẹ̀ wa tipẹ́. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìyàwó ń so mọ́ ọrùn, egungun ẹ̀dá kan ni tó ń gbé ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà, tí àwọn oníṣòwò ń gbé wá láyé àtijọ́. Iyùn inú àpótí jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, àmọ́ èyí wà láàyè: ẹranko tíntìntín tó so kọ́ra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, ó sì ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu náà ká. Inú ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ewéko kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wọn. Tí omi bá gbóná kọjá 30°C fún ọjọ́ bíi mélòó kan, iyùn á pọ ewéko yìí jáde, á funfun báláú, ebi á sì pa á kú. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun ẹlẹ́ran ara tó rọ̀ ni iyùn, àwọn ẹja kan sì wà tí òun gan-an ni oúnjẹ wọn.

Butterflyfish ni olórí wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn angelfish ńlá, triggerfish àti pufferfish. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí tún ń fọ́ ìgbín àti edé jẹ. Ẹ má gbé ìkankan wọn wọlé. Àwọn angelfish kéékèèké bíi coral beauty àti flame angel, tẹ́tẹ́ ni: ọ̀kan lè gbé ọdún 3 láìfọwọ́ kan iyùn, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a jẹ lọ́jọ́ kejì. Èmi kì í ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iyùn tí mo ti fi oṣù mẹ́jọ tọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tó ń fa ìjà

Ẹja kì í ṣàdédé jà. Ilé ló sábà máa ń fà á. Ẹja tó bá ti gba ihò kan nínú òkúta á máa lé ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló máa ń rò pé òun ni onílé. Ohun kejì ni jíjọra: ẹja máa ń rí èyí tó jọ ọ́ ní àwọ̀ tàbí ní ìrísí bí ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí royal gramma méjì kì í fi í gbé àpótí kan pọ̀. Ohun kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ìjà: ẹja tó bá lè wọnú ẹnu ẹlòmíràn, oúnjẹ ni. Lionfish kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ńṣe ló máa ń gbé wọn mì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹja kan kì í jà, ẹ bi í pé: kì í bá ta ni jà? Nínú àpótí tó tó báwo? Clownfish tó jẹ́ jẹ́jẹ́ nínú 225 lítà lè di ẹkùn nínú 60 lítà. Ẹ tún bi í pé báwo ló ṣe máa tó tó bá dàgbà, torí ọmọ ni ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń tà.

Ọ̀nà tí mo ń gbà dá ìjà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ ni pé mo ń pín àpótí bí ilé alájà. Ẹnì kan ń gbé orí iyanrìn, ẹnì kan ń gbé inú ihò òkúta, ẹnì kan ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín, ẹnì kan wà lókè. Tí ẹ bá yan ẹja kan tàbí méjì fún àjà kọ̀ọ̀kan, tí òkúta sì ní ihò púpọ̀ ju iye ẹja lọ, ìdí ìjà á kù díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún

Ocellaris clownfish ni mo ń kọ́kọ́ kọ sórí ìwé nígbà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa gbẹ̀yìn wọlé. Àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú ilà funfun mẹ́ta, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 lọ, ó ń jẹ ohun gbogbo, ó sì lè lò ju ọdún 10 lọ. Wọ́n ń sin ín dáadáa nínú àpótí, èyí sì ṣe pàtàkì fún wa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: ẹja tí wọ́n bí sínú gíláàsì ti mọ oúnjẹ gbígbẹ, kò fara gbá ìrìn àjò àti ìpayà tí ẹja tí wọ́n mú nínú òkun ti rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti fi májèlé sáyánáìdì mú ẹja rí ní Philippines àti Indonesia, tí ẹja á jẹun lónìí, tí á kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìsí ohun tí ẹ lè tọ́ka sí.

Ẹ ra méjì tí wọn kò tóbi bákan náà, kí ẹ rà wọ́n lọ́jọ́ kan. Akọ ni gbogbo clownfish ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Èyí tó tóbi jù á di abo, èyí tó kéré á dúró ní akọ, ilé á sì tòrò. Tí abo bá kú, akọ náà ló máa di abo. Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá jókòó síwájú gíláàsì lálẹ́, ó ń yà mí lẹ́nu dòní. Wọn kò nílò anemone, ẹranko ọlọ́wọ́ púpọ̀ tí wọ́n ń fi ṣelé nínú òkun, kí wọ́n tó lè gbé ìgbé ayé rere. Anemone ṣòroó tọ́ ju ẹja náà lọ, ẹ jẹ́ kó di ọdún kejì. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún orúkọ: maroon clownfish àti tomato clownfish, clownfish ni wọ́n, àmọ́ oníjà ni wọ́n.

Royal gramma tòótọ́ ń bẹ nínú àpótí mi báyìí. Òkun Caribbean ló ti ń wá, kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ẹ ó máa rí i tó dorí kodò lábẹ́ òkúta. Kò ṣàìsàn, bó ṣe ń gbé nìyẹn. Tó bá la ẹnu gbàgà sí ẹja mìíràn, ẹ má fòyà, ìhàlẹ̀ lásán ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ rà.

Banggai cardinalfish kò ní àwọ̀ púpọ̀, dúdú àti fàdákà ni, pẹ̀lú tóótòòtó funfun bí ìràwọ̀. Síbẹ̀ òun ni àlejò mi máa ń wò pẹ́ jù. Erékùṣù Banggai ní Indonesia nìkan ni ilé rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ti mú un débi pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, kọ ọ́ sára àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àtirun ní 2007. Èyí tí wọ́n sìn nínú àpótí ni kí ẹ béèrè. Akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí wọ́n fi pa, kì í jẹun ní gbogbo àkókò náà. Tí ẹ bá rí akọ cardinalfish tí àgbọ̀n rẹ̀ wú tí kò sì jẹun, ẹ má kánjú fún un lóògùn. Ẹ ra takọtabo tí wọ́n ti bá ara wọn mu, tàbí ẹyọ kan. Tí ẹ bá ra márùn-ún, àwọn méjì tó bá fẹ́ra á lé àwọn tó kù títí wọ́n fi kú.

Fún orí iyanrìn, yellow watchman goby. Ìyeyè tó ń dán, pẹ̀lú tóótòòtó búlúù lójú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá lè rí pistol shrimp ra pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ti ra ìran tí ẹ ó máa wò. Edé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Òun ló ń gbẹ́ ihò, tó ń tún un ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Goby ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Edé á fi ìwo ẹnu rẹ̀ kan ẹja náà lára nígbà gbogbo, tí goby bá gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Iyanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì gbé òkúta sórí ìsàlẹ̀ gíláàsì kí ẹ tó da iyanrìn, torí ihò tí edé bá gbẹ́ lè mú kí òkúta wó.

Firefish, funfun níwájú, pupa bí iná lẹ́yìn, pẹ̀lú lẹbẹ gígùn kan tó ń jù fìrìfìrì lórí. Ojo ni. Ohunkóhun tó bá já a láyà, òkè ló ń fò lọ, ó sì lè gba ihò tí ìka yín kò lè wọ̀ jáde. Àwọ̀n ni kí ẹ fi bo àpótí, kì í ṣe páànù gíláàsì, torí gíláàsì á dí afẹ́fẹ́ tó ń tu omi lára. Ìdérí tí n kò ní nígbà náà ló pa tèmi, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe dottyback nìkan.

Tailspot blenny náà dára fún ẹni tí ewé tútù ń da òkúta rẹ̀ láàmú; kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ojú rẹ̀ sì ń yí káàkiri bí ti ọ̀gà.

Ẹja 6 tàbí 7 kéékèèké nínú 225 lítà ti tó. Clownfish 2, gramma 1, cardinalfish 2, goby 1, firefish 1: èmi kì í kọjá ibẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, iye ẹnu tó ń mí sínú omi yẹn ló máa sọ bóyá ẹ ó jí bá wọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọn tí ẹwà wọn ń fani mọ́ra, tí ẹ ó fi sílẹ̀

Mandarin lẹ́wà ju gbogbo ẹja tí mo ti mẹ́nu bà lọ: búlúù, ọsàn àti àwọ̀ ewé tó wọ́ kọjá nínú ara wọn bí àdìrẹ. Kì í jà. Àmọ́ kòkòrò òkúta tíntìntín tí wọ́n ń pè ní copepod ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Nínú àpótí tuntun, á jẹ wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú yín. Ayafi tí àpótí yín bá ti lé lọ́dún kan, tó sì tóbi, tàbí tí ẹ bá fojú ara yín rí i tó ń jẹ oúnjẹ dídì, ẹ má rà á.

Blue tang tó wà lọ́wọ́ òǹtajà yẹn kéré bí owó ẹyọ. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ìrìn ló fẹ́, kò sí àyè ìrìn nínú mítà kan. Blue damsel kò wọ́n, kì í tètè kú, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn bí iná mànàmáná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, á ti sọ ara rẹ̀ di baálẹ̀, ẹ ó sì tú gbogbo òkúta inú àpótí kí ẹ tó lè mú un jáde. Green chromis kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ní ìṣòro, àárín ara wọn ni wọ́n ti ń pa ara wọn: ẹ ó ra 6, 1 ló máa kù. Six-line wrasse máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá dàgbà tán, kì í fẹ́ rí àlejò tuntun mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Níwájú gíláàsì òǹtajà

Ẹ má lọ pẹ̀lú ìkánjú. Ẹ dúró níwájú àpótí náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo bí ẹja náà ṣe ń mí. Tí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ bá ń lọ kíákíá bí ẹni tó sáré, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá ṣí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, kó mọ́ kedere. Ẹ wo ikùn rẹ̀ láti iwájú: ikùn tó wọnú túmọ̀ sí pé ebi ti ń pa á tipẹ́. Ẹ wo lẹbẹ rẹ̀ bóyá ó ya. Ẹ wo ara rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀ fún tóótòòtó funfun bí iyọ̀, tàbí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun tín-ín-rín. Tí ẹja kan ṣoṣo nínú àpótí náà bá ní in, gbogbo wọn ló ní in, torí omi kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lóúnjẹ kí n rí i.” Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Mo sì máa ń béèrè ohun tó ń jẹ. Oúnjẹ dídì bíi mysis, ìyẹn edé tíntìntín, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí fìríìsà bá ń yọ́ tó tún ń dì, oúnjẹ náà á bàjẹ́. Ẹja tó ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ oníhóró ni mo fẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tó dé. Èyí tó dé lánàá, ẹ sanwó díẹ̀ lé e, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa kú, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kú. Ohun ìkẹyìn tí ẹ ó béèrè ni bí iyọ̀ omi wọn ṣe pọ̀ tó. Àwọn òǹtajà kan máa ń jẹ́ kó wà ní 1.018 sí 1.020.

Ìgbésẹ̀ 7: Láti Èkó dé ilé

Tí wọ́n bá fẹ́ wáìbìlì ẹja láti Èkó, ẹ jẹ́ kó gba òfurufú wá. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ òfurufú ń lò, ojú títì lè gbà ju wákàtí 10 lọ nínú ooru. Kí wọ́n fi ọ́síjìn kún ọ̀rá náà, ẹja kan fún ọ̀rá kan, inú páálí fóòmù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bù ú lóúnjẹ lọ́jọ́ ìrìn àjò.

Tó bá délé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó láìṣí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ooru omi méjèèjì lè dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe rèé: wọ́n á ṣí ọ̀rá, wọ́n á wá máa kán omi sí i fún wákàtí méjì. Èémí tí ẹja mí sínú ọ̀rá mú kí omi náà kan díẹ̀ (ó di ásíìdì), omi tó kan kì í jẹ́ kí amóníà inú rẹ̀ ṣọṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé, ìkan náà á dín kù, amóníà á le lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja á sì máa mu májèlé. Fún ẹja tó pẹ́ nínú ọ̀rá, ẹ ti pò omi àpótí ìyàsọ́tọ̀ (ẹ wo Ìgbésẹ̀ 8) kí iyọ̀ rẹ̀ bá ti òǹtajà dọ́gba kó tó dé. Tó bá dé, ẹ ṣí ọ̀rá, ẹ fi ife gbé ẹja, ẹ da omi ọ̀rá nù. Ẹ wá máa gbé iyọ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 4 sí 5 títí á fi dé 1.025.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yà á sọ́tọ̀

Àpótí 40 sí 60 lítà, láìsí iyanrìn, láìsí òkúta, pẹ̀lú hítà, asẹ́ kékeré kan tí bakitéríà ti wà lára rẹ̀, àti gígé páìpù méjì tí ẹja lè sá sí. Ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán. Tí tóótòòtó funfun bá jáde, ibẹ̀ ni ẹ ti lè lo oògùn kọ́pà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ́n. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da kọ́pà sínú àpótí iyùn láéláé. Á pa iyùn, edé àti ìgbín. Ẹni tí kò bá ya ẹja sọ́tọ̀, tí kòkòrò àrùn yẹn sì wọlé, á kó gbogbo ẹja rẹ̀ jáde, á fi àpótí náà sílẹ̀ láìsí ẹja fún nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwarinpa ṣe é. Ìnira ńlá ni.

Ìgbésẹ̀ 9: Ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé?

Ojo ló ń ṣíwájú, alágbára ló ń kẹ́yìn. Firefish ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà goby àti edé rẹ̀, lẹ́yìn náà cardinalfish, lẹ́yìn náà gramma. Clownfish ni kó gbẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí bakitéríà lè pọ̀ sí i bí ìgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ dán amóníà wò lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin tí ẹja tuntun bá wọlé.

Kí ẹ tó gbé ẹja sínú, ẹ ti ní póǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílé, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, tàbí kí ẹ so póǹpù kan mọ́ inverter. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra, lóru sì ni iyùn àti ewéko náà ń mí ọ́síjìn láìdá a padà, nítorí náà iná tó lọ ní aago 1 òru léwu ju èyí tó lọ lọ́sàn-án lọ. Tí ẹ kò bá ní nǹkan kan, ẹ máa fi ife bu omi, kí ẹ máa dà á padà láti òkè. Mo ti ṣe é títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹja kankan ò kú.

Lọ́jọ́ tí ẹja tuntun bá máa wọlé, ẹ fún àwọn onílé lóúnjẹ yó, ẹ pa iná àpótí, kí ẹ gbé òkúta bíi méjì kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Ẹ wá jẹ́ kí àlejò wọ inú òkùnkùn. Ẹ má tan iná títí di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá rí i tó ti ń jẹun láàárọ̀, tí lẹbẹ rẹ̀ ṣì pé, ẹ ti rí alájọgbé. Tó bá ti há sí igun kan lókè tí ẹja mìíràn ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi gíláàsì tàbí ike tó ní ihò pín àpótí náà fún ọjọ́ 3 kí wọ́n máa rí ara wọn, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.